Báàfù Oníke tó Wà Níbi Ẹja Ìye

Ajé, 5 Ẹrẹ́nà 2012
Mo dé Mahintedo. Ọkọ̀ ojú omi láti Igbokoda kún bámú. Ọmọ mọ́kànlá ló ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn oúnjẹ ìjọ lánàá — ẹja tí Ìye, ìyá tó bí mi, yan ni wọ́n jẹ. Ara wọn ti ń yá, ọpẹ́. Ṣùgbọ́n alàgbà wa, Baba Olówòkéré (Má-Rẹ́rìn-ín ni mò ń pè é, nínú ìwé yìí nìkan), ti ní kí Ìye má fọwọ́ kan ẹja ìjọ mọ́ títí a ó fi mọ ìdí rẹ̀. Ogójì ọdún ló ti ń yan ẹja fún wọn! Ó ní òun ò sunkún. Ojú rẹ̀ pọ́n.

Ìṣẹ́gun, 6
Ọpọ́n igi dúdú tí Ìye jogún, tó ń kó ẹja sí, ni gbogbo èèyàn ń fura sí. Èmi náà. Mo fi òwú nu ọpọ́n, mo nu báàfù oníke tó ń fi ọ̀bẹ já ẹja yíyan sí, mo nu abọ́ páànù — kálukú pẹ̀lú òwú tirẹ̀. Lọ́la, ó di ilé àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Ìye ní, “Ọma mi, ṣé o fẹ́ pe ọpọ́n lẹ́jọ́ ni?” Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rín.

Ọjọ́rú, 7
Nínú ọkọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mò ń da omi gbígbóná sí ọpọ́n yẹn, tí mò ń gbé e sórí ààrò kí èéfín mú un gbẹ. A kì í jẹ́ kó sùn ní tútù. Èéfín máa ń rùn lára mi dé kíláàsì, Rhoda tí a jọ jókòó á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Odò mọ́ nígbà náà, epo rọ̀bì ò tíì bo ojú omi. Èèyàn á dúró, á rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí, ó ń sọ mí gan-an.

Àbámẹ́ta, 10
Èsì ò tíì jáde.

Ìṣẹ́gun, 13
Ó jáde. Ọpọ́n — fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan. Páànù — díẹ̀. Báàfù — ó kún! Kòkòrò àìrí kì í dá gbé. Wọ́n so mọ́ ojú ibi tí ọ̀bẹ ti ha ike, wọ́n fi ohun kan tó ń yọ̀ bo ara wọn bí òrùlé, ọṣẹ kàn ń gba orí wọn kọjá ni. Ike ò sì ṣeé gbé sórí ààrò. Yóò yọ́.
Èmi ni mo ra báàfù yẹn, Kérésì ọdún kẹta sẹ́yìn. Mo ní kí Ìye yé fi igi àtijọ́ dójú tì mí.

Àbámẹ́ta, 17
Mahintedo. Mo sọ fún un. Ó bèèrè: ta ni wọ́n máa bá wí? Mo ní èmi, màá jẹ́wọ́. Ó ń fọ abọ́ lọ.

Àìkú, 18
Mo ka èsì fún àwọn alàgbà lẹ́yìn ìsìn. Má-Rẹ́rìn-ín bèèrè ẹni tó mú ike wọ ibi ẹja. Mo la ẹnu. Ìye ti dìde: “Èmi ni, Baba. Ó wù mí lójú lọ́jà Igbokoda ni.”
Wọ́n gba iṣẹ́ ẹja yíyan lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Mojísọ́lá, arábìnrin kan nínú ìjọ. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní ọmọ tó kàwé dáa.
Mo ní ẹ ṣeun, sà.