Ọjọ́ Orí Bọ́ọ̀lù

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kẹsàn-án

Wọ́n ti pè wọ́n! Shuaib mi àti Daniel ọmọ Oyinadé. Àwọn méjèèjì. Kámpù ìdánwò ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ti àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Àgídìngbì ni wọn yóò máa sùn, pápá ìṣeré Agége ni wọn yóò ti máa gbá a. Orúkọ wọn wọlé sórí Wásáàpù ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, èmi àti Oyinadé wà nídìí bẹ́líìtì nílé iṣẹ́, bísíkítì ń kọjá níwájú wa. Oyinadé pariwo "Jésù o!" débi pé súpáfáísọ̀ sáré wá, ó rò pé ẹ̀rọ ti gé e lọ́wọ́.

Kí n tó délé, Rédíò ti gbọ́. (Bàbá Shuaib ni Rédíò. Wahab lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí á mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.) Ó jókòó ti ọmọ, ó ń kà á fún un bí ẹni ń ka kéwú: 1985 ní Ṣáínà, àwa la kọ́kọ́ gba ife yẹn láyé. 1993 ní Jàpáànù. 2007 ní Kòríà. 2013 ní ilẹ̀ Lárúbáwá. 2015 ní Ṣílè. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún! Kò sí orílẹ̀-èdè tó gbà á tó wa. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀ — látìgbà yẹn ńkọ́? Ìgbà mìíràn a ò tilẹ̀ débẹ̀ rárá.

Shuaib ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Àyà mi ń já.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2

Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, n ò kúkú lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí Shuaib wọ àkádẹ́mì bọ́ọ̀lù, èmi àti Oyinadé lọ sí kóòtù n'Ìkẹjà, a lọ búra ọjọ́ orí. Kóòṣì Kò-Séwu tó ń kọ́ wọn níbẹ̀ ló ní ká lọ. (Ohun yòówù kó máa já ọ láyà, "kò séwu" ni tirẹ̀.) Ọmọ tí o bá mú wá bá a, á ti dín ọdún rẹ̀ kù kó tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù ló ń pè é. Ti Daniel, ó yọ ọdún mẹ́ta. Ti Shuaib, ó yọ méjì, ó ní kó lè gbá ife náà pẹ́. Oyinadé fọwọ́ sí tèmi gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, èmi náà fọwọ́ sí tirẹ̀. A ra gúgúrú nígbà tí à ń bọ̀, à ń jẹ ẹ́, à ń ṣẹ̀fẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù — Shuaib ò nílò rẹ̀! Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti oṣù mẹ́sàn-án ni lónìí. Ó tọ́ sí ẹgbẹ́ yẹn bí Ọlọ́run ṣe dá a, láìyọ ọjọ́ kan. Mo kàn ṣe é torí gbogbo ayé ló ń ṣe é. N ò bi ara mi pé kí la ń yọ ọ́ fún. Òpè ni mí.

Rédíò ò mọ̀. Tó bá mọ̀, ilé yìí á gbóná.

Ọjọ́bọ̀, 4

Wọ́n ti wọ kámpù. Shuaib gbé báàgì tirẹ̀, ó tún gbé ti Daniel lé e. Bọ̀ọ̀dá Daniel báyìí, Bọ̀ọ̀dá Daniel bọ́hùn-ún, bó ṣe ń pè é látìgbà tó ti mọ̀rọ̀ sọ. Kò-Séwu fa etí rẹ̀ lẹ́nu géètì: "Bọ̀ọ̀dá wo? Daniel! Daniel lásán! Ẹ fẹ́ kó bá mi ni?" Ọmọ mi wolẹ̀. Daniel gba báàgì rẹ̀ padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Ọ̀tunla ni MRI, ẹ̀rọ tó ń wo egungun ọmọ.

Ọjọ́ Ajé, 8

Wọ́n ti ṣe é. Wọ́n á ti ọrùn ọwọ́ ọmọ bọ inú ẹ̀rọ, wọ́n á wo egungun ibẹ̀. Tí egungun náà bá ti lẹ̀ pọ̀ tán, ó ti dàgbà jù nìyẹn, kó máa lọ sílé. Ọmọ mẹ́rìnlá ló di ẹrù lónìí. Kò-Séwu ní ọ̀kan nínú wọn sunkún títí ó fi bì.

Shuaib yege. Kí ni kò ní jẹ́ kó yege?

Daniel náà yege. Ẹni ọdún méjìdínlógún! Oyinadé jó nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, tòun ti nẹ́ẹ̀tì ìrun lórí. "Egungun ọmọ mi mọ ojú Ọlọ́run," ló ń wí, "egungun ọmọ mi mọ ojú Ọlọ́run!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ìwé tí mo ń kọ fún ara mi: mo ti ń retí pé kí ẹ̀rọ yẹn lé Daniel. Wíngì òsì ni àwọn méjèèjì ń gbá. Ọmọ Kánò kan ti gba àyè kan níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè yí i. Àyè kan péré ló kù. Kí ẹ̀rọ ṣe é ni mo fẹ́, kí ọwọ́ mi mọ́. Àsìtagfirulláà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Rédíò ń kọrin ní balùwẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́rú, 10

Ó ti dé. Ohun tí mò ń sá fún ti dé.

Obìnrin kan pè mí láti kámpù. Ìyáàfin Ọláyínká, òun ló ń yẹ ìwé àwọn ọmọ wò. Wọ́n fẹ́ ṣe páṣípọ́ọ̀tù fún wọn. NIN Shuaib ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ìwé àkádẹ́mì ní mẹ́tàlá. "Màmá, ọmọ yín mélòó ló ń jẹ́ Shuaib?" Bó ṣe bi mí nìyẹn, jẹ́jẹ́, kò pariwo. Ó ní èmi fúnra mi ni kí n wá ṣàlàyé lọ́jọ́ Ẹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọmọ á kó ẹrù rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ní ọjọ́ ìbí méjì, oníjìbìtì ni wọ́n ń pè é, ì báà jẹ́ ọmọdé.

Èmi ni mo ṣe NIN yẹn, nígbà tó fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Káàdì ọsibítù ni mo mú dání, mo sọ òótọ́. Ti Daniel ńkọ́? Kò-Séwu ló mú un lọ ṣe tirẹ̀, irọ́ tó wà níbí náà ló wà lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ bára mu gẹ́lẹ́. Èmi tí mo parọ́ lápá kan ni wọ́n mú.

Mo pe Kò-Séwu. "Kò séwu, Ìyá Shuaib. Ẹ ní àwọn NIN ló ṣì í kọ." Mo ní orí ẹ ò pé! Mo pa fóònù mọ́ ọn létí.

Mo wá sọ fún Rédíò. Kí ni n bá ṣe? Ó ń jẹun lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ sílẹ̀ nínú abọ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní ṣé mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1989? Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi lé Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje, nítorí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wa, ọ̀tọ̀ nínú ìwé yìí, ọ̀tọ̀ nínú ìwé yẹn. "Ìwọ náà wá mú un wọ inú ilé mi."

Ó tún sọ èyí tí n ò gbọ́ rí láti ọdún méjìdínlógún tí mo ti fẹ́ ẹ. Òun náà dé irú kámpù yìí rí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà. Ó ku ọ̀la kí wọ́n ka orúkọ. Ẹni tó gba ipò rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ wá kí i lẹ́nu géètì. "Ó ti bímọ, Fàúsá! Ó ti bímọ!" Ó ń gbá tábìlì. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì ń tì mí.

Ó ní kí n lọ sọ òótọ́ fún obìnrin yẹn. Gbogbo òótọ́. Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 11

Àsìkò ìsinmi. Ẹ̀yìn ibi tí a ń to páálí sí. Oyinadé ti gbọ́ lẹ́nu Kò-Séwu.

"Ìyá Shuaib, orúkọ mi wà nínú ìwé yẹn."

Mo ní mo mọ̀.

Ó ní Daniel ò mọ nǹkan mìíràn ṣe láyé yìí. Ó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ọdún yìí ló kù fún un, tí eléyìí bá bọ́, ó parí. Kò kúnlẹ̀, kò sunkún. Ì bá tilẹ̀ sunkún, ǹ bá rí nǹkan bínú sí. Ó kàn ya búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní èyí tó tóbi.

Ọjọ́ tí mo bí Shuaib, ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò dá. Rédíò wà ní Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ náà. Oyinadé ló sáré sókè sódò tó fi rí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí mi lára. Daniel dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ó ń bi nọ́ọ̀sì pé ṣé Àǹtí Fàúsá ti kú ni.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ẹnu mi sọ ọ́?

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Mo ti lọ. Mo ti bọ̀.

Ìyáàfin Ọláyínká, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, gíláàsì wà lójú rẹ̀, ìwé ga níwájú rẹ̀. Mo gbé káàdì ọsibítù kalẹ̀. Mo sọ pé èmi ni mo búra èké, kì í ṣe ọmọ, ọmọ ò mọ nǹkan kan. Mo sunkún, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ó yẹ káàdì náà wò síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Màmá, ọmọ tó yẹ fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín bà jẹ́." Mo ní ẹ jọ̀ọ́, mà. Ó ní ó dáa, òótọ́ lòun á kọ, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Mo ti dìde. Mo ti dé ẹnu ilẹ̀kùn!

"Màmá, ẹni tó ṣe ẹlẹ́rìí yín níbí, ọmọ tirẹ̀ náà wà lọ́dọ̀ wa. Daniel. Ṣé wọ́n yọ nǹkan kúrò nínú ti òun náà?"

Mo ní rárá, mà.

Ó wò mí. Ó ní, "Ó dá yín lójú? Àyè tí ọmọ yín ń wá lòun náà ń wá o."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ẹgbẹ́ Shuaib ni, inú oṣù kan náà la bí wọn. Ta ló ní kí n fi ìyẹn sí i? Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Rédíò bi mí nílé: "Ṣé o sọ gbogbo rẹ̀?" Mo ní mo sọ ọ́. Irọ́ méjì lọ́jọ́ Jímọ̀, kí omi àlùwàlá tó gbẹ lẹ́sẹ̀ mi.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Ìdíje àṣekágbá láàárín ara wọn, wọ́n jẹ́ káwọn òbí wọlé. Shuaib gbá ìlàjì àkọ́kọ́. Ó yára, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́, bọ́ọ̀lù fẹ́ràn rẹ̀ — ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ọmọ ńlá kan bá ti fi èjìká kàn án, ilẹ̀ ni. Daniel wọlé ní ìlàjì kejì. Èjìká kàn án, èjìká yẹn ló padà sẹ́yìn. Ó gbá góòlù méjì wọlé. Gbogbo èrò ń pariwo.

Oyinadé di ọwọ́ mi mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Rédíò ò pariwo. Ó ń wo Daniel, ó ń wò mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Kò tíì sí orúkọ.

Ọjọ́rú, 17

Ọmọ mọ́kànlélógún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Daniel wà níbẹ̀. Shuaib ò sí.

Kóòṣì àgbà kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ pé ó mọ bọ́ọ̀lù, ara rẹ̀ ni kò tíì gbó, kó padà wá. Ara rẹ̀ ò tíì gbó! Ara ta ló wá gbó?

Oyinadé ò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Ó ka fóònù rẹ̀, ó wo ojú mi, ó fi bẹ́líìtì sílẹ̀, ó sì lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bísíkítì ń já sílẹ̀, èmi nìkan ni mò ń kó o.

Rédíò ní, "O ò sọ ọ́, àbí?" Mo ní n ò sọ ọ́. Ó ní, "Irú wa ló ń ṣe é," ó sì jáde.

Ọjọ́bọ̀, 18

Shuaib ti dé. Ó sọ báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó kí mi. Kò sunkún. Mo ní kó má bínú, kóòṣì ní kó padà wá. Ó ní òun mọ̀.

Ó wá ní, "Mọ́mì, màmá onígíláàsì yẹn pè mí lọ́jọ́ tí ẹ wá. Wọ́n ní àwọn ọmọ kan sọ pé mò ń pe Daniel ní Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ní tó bá jù mí lọ, kí n sọ fún àwọn, kò sẹ́ni tó máa bá mi wí. Wọ́n ní àyè kan ló kù."

Mo ní kí ló wá sọ.

"Wọ́n ní ẹ̀yin ti sọ pé ẹgbẹ́ ni wá. Wọ́n fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí. Èmi náà ní ẹgbẹ́ mi ni." Ó ń tú okùn bàtà rẹ̀, kò wòkè. "Ṣé kí n wá pè yín ní onírọ́ lójú wọn ni?"

Rédíò wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ ọ.

Shuaib ní ebi ń pa òun. Mo bu ìrẹsì fún un, mo fi ẹran tèmi sí i. N ò lè wo ojú rẹ̀.