Awẹ́ Obì Nínú Àpótí Akẹtẹ̀

Bàbá mi, ẹni tí mo jogún ohùn rẹ̀,

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ má bínú pé n kò kọ́kọ́ kí yín. Ẹsẹ̀ ń ro mí, ọ̀nà ọ̀fun ń ro mí, ìbò ti parí, ẹgbẹ́ yín sì ti fìdí rẹmi. Orí bẹ́ńṣì yín ní stéṣọ̀n Ifọ̀ ni mo jókòó sí, níbi tí ẹ máa ń bọ́ bàtà sí tí ọkọ̀ Ìdógò bá ti kọjá. Ẹlòmíràn ló ń yí irin tó ń darí ọkọ̀ sójú ọ̀nà báyìí. Kò mọ̀ ọ́n yí bíi tiyín. Ó máa ń bú u kó tó gbà fún un.

Ẹ mọ̀ pé Ẹgbẹ́ Ẹ Dúró Ná ò tóbi. Gbogbo yín lè jókòó sórí bẹ́ńṣì yìí kí àyè ó tún ṣẹ́ kù fún ewúrẹ́. Gbogbo ayé ń pariwo pé kí òyìnbó máa lọ, ẹ̀yin ní kí wọ́n dúró ná, kí àwọn ọmọ wa kọ́ṣẹ́ tán. Ẹ ní ẹni tó bá fọwọ́ kúrò lára irin kí ọkọ̀ tó kọjá tán, òkú ló ń pè. Wọ́n ń pè yín ní òyìnbó dúdú, wọ́n ń béèrè ìgbà tí ẹ máa wọkọ̀ ojú omi, ẹ ò bínú. Ẹ kàn máa ń wú ikọ́ kékeré kan, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, kí ẹ tó dáhùn. Kí ni ikọ́ yẹn wà fún, Bàbá? N kò bi yín rí.

Bébà tí wọ́n ya akẹtẹ̀ òyìnbó sí, àmì ẹgbẹ́ yín, ti wà lára ògiri gbogbo nígbà tí ibà gbé yín lọ. Bàbá Teló ni wọ́n fi rọ́pò yín láti du ipò náà. Ẹ mọ Bàbá Teló: ẹnu tó ti ń há abẹ́rẹ́ láti kékeré, ọ̀rọ̀ ò ráyè nínú rẹ̀ mọ́. Ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́jà Ifọ̀, àwọn tó jókòó ti iwájú sùn lọ. Ìgbà tó ń bọ̀ ló bá mi nídìí kànga, mo ń fi ohùn yín sọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ tó ń pọn omi. Ẹ mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ṣebí ohun tó lé mi kúrò nílé ìwé náà nìyẹn, nígbà tí mo sá pa mọ́ sẹ́yìn ilé ìgbẹ́ tí mo fi ohùn ọ̀gá àgbà ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé. Wọ́n lọ, tíṣà méjì bá wọn lọ. Ẹ nà mí lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹ̀rín yín nínú yàrá.

Bàbá Teló ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó di odi kànga mú.

“Ọmọ burúkú yìí,” ló wí, “tún un sọ.”

Mo tún un sọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo ti wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Màámi ò fẹ́. Wọ́n ní bí àwọn bá gbọ́ ohùn yẹn nínú ilé àwọn, omorogùn làwọn á fi là mí lẹ́nu.

Mòwé la kọ́kọ́ lọ. Ọ̀nà igbó yẹn gùn, Bàbá, ìdí mi bó lórí irin kẹ̀kẹ́. A dúró lábẹ́ igi odán. Mo wú ikọ́ yín, mo ní, “Ẹ̀yin ará mi, ẹ dúró ná.” Ìyá àgbà kan sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá Rélùwéè, ṣé ẹ ti délé ire?”

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ mọ̀ pé bí àgbà bá kú níbẹ̀, eégún máa ń gbé aṣọ rẹ̀ wọ̀ jáde, á fi ohùn rẹ̀ kí ará ilé, kí oníkálukú lè dágbére fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ ni yín, pásítọ̀ ò gbà á láyè. Ẹ lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ó dìgbóṣe lẹ́nu yín. Wọ́n rò pé ọjọ́ náà lẹ yàn láti wá.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. “Ẹ bá mi kí ìyá mi.” “Ẹ bá mi sọ fún Ràfíù ọkọ mi pé ọmọ tó fi sílẹ̀ nínú ti ń rìn.” Bàbá Teló ń gbé bébà akẹtẹ̀ sókè, kò sẹ́ni tó wò ó. Mo kàn wú ikọ́. Mo ní mo gbọ́. Ṣé ẹ gbọ́ lóòótọ́? Ṣé ẹ rí Ràfíù?

Bó ṣe rí nìyẹn láti abúlé dé abúlé, títí a fi dé Ìbàfò. Níbẹ̀, ọmọkùnrin kan tó ń mọ bíríkì bọ́ síwájú, amọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá òkú, ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní ìbéèrè. Ta ló ń yí irin ní Ifọ̀? Ṣé òyìnbó ni, àbí ẹ̀yin?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín yí i títí ẹ fi kú! Iṣẹ́ wo ló kù tí ẹ fẹ́ kí wọ́n dúró kọ́ wa?”

Bàbá Teló gún mi nígbòǹwọ́. “Dá a lóhùn!”

“Kí n ní kí ni?”

Mo wú ikọ́, mo tún wú u. Ohùn yín wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ti sọ rí nìkan ló wà nínú rẹ̀. Mo ti ń wá ìdáhùn yẹn láti ìgbà náà, títí kan orí bẹ́ńṣì yìí. Kí lẹ bá wí fún un, Bàbá?

Ọjọ́ ìbò pé. Wọ́n to àpótí sẹ́yìn aṣọ títa, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì rẹ̀, kí oníkálukú sọ ìwé rẹ̀ sínú èyí tó bá wù ú. Kóòtù Ifọ̀ ni wọ́n ti kà á. Nígbà tí akọ̀wé gbé àpótí akẹtẹ̀ láti apá Mòwé, a rí i pé ó wúwo. Bàbá Teló gbá ọwọ́ mi mú.

“Ó kún! Olúwa ò, ó kún!”

Wọ́n ṣí i, wọ́n dà á sórí tábìlì. Awẹ́ obì ló ń bọ́, Bàbá. Obì pupa, obì funfun, orógbó tí wọ́n fi ọ̀bẹ là kó lè gba ihò àpótí. Ìwé ìbò tó wà láàárín wọn ò kún àtẹ́lẹwọ́.

Akọ̀wé bojú wo yàrá. “Ta ló ṣe irú ìwà pálapàla yìí?”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí ọwọ́ mi mọ́! Ìyá àgbà Mòwé yẹn ló gbà mí. Ó ti bá ọjà wá sí Ifọ̀, ó sì yà wá wo bí ìbò ṣe lọ.

“Kí lẹ ń wo ọmọ ọlọ́mọ fún? Àwa la fún bàbá rẹ̀. Ìwé, ti alààyè ni, a ti fún alààyè. Obì ni ti òkú. Àbí ẹ̀yin lè dìbò fún òkú?”

Wọ́n fẹ́ràn yín, Bàbá. Wọn ò kàn fẹ́ kí òyìnbó dúró ni. Bàbá Teló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní ìbò káńsù ń bọ̀, pé a ó tún múra, ohùn yín ò tíì gbó. Ẹ̀rù bà mí. Tí mo bá fẹ́ gbọ́ yín báyìí, igbe tí mo fi ohùn yín ké lábẹ́ igi odán ni mò ń gbọ́. Ohùn tí ẹ fi ń pè wá wá jẹun dà? Mo wá a títí, n kò rí i.

Lánàá, ní ìrọ̀lẹ́, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Màámi kọ̀yìn sí mi, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ọ̀nà ọ̀fun tó ń ro mí yìí yún mi, mo wúkọ́. Mo fi Ọlọ́run búra, n kò fi ohùn yín ṣeré. Èmi gan-an ló wúkọ́.

“Ẹ káàbọ̀,” ni Màámi wí, wọn ò bojú wẹ̀yìn. “Omi ìwẹ̀ yín ti wà nínú garawa.”

Ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà. Wọ́n yíjú padà, wọ́n rí mi. Mo ń dúró de omorogùn.

“Lọ wẹ̀,” ni wọ́n wí. “Omi yẹn á tutù.”

Mo wẹ̀ ẹ́, Bàbá. Ní òwúrọ̀ yìí mo sọ fún Bàbá Teló pé kó wá ẹlòmíràn.

Ẹ sùn re. Ẹ bá mi kí Ràfíù.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó fẹ́ dákẹ́ ná.