Rájí, Má Gbé Kápẹ́ẹ̀tì Bàbá Wa Jáde

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú àmójútó agboolé. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Rájí àbúrò mi ni n kò kí. Òun ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Rájí, kà á sókè, má fo ìlà kan. Mo ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn, nítorí kì í ṣe ilé wa nìkan ni àwọn oníkápẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí ń wọ̀.

Ara mi le, ṣùgbọ́n ilé ọmọ mi máa ń dákẹ́ jù lọ́sàn-án. Mo máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ wà nídìí òfì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba iṣẹ́ ìtọ́jú ilé lọ́dọ̀ ìyá òyìnbó kan. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ra ọṣẹ, ó sì ń ra ìwé tí mo ń gbé lọ sí kíláàsì àwọn àgbà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí.

Rájí kọ̀wé sí mi pé oníkápẹ́ẹ̀tì kan ń bọ̀ ní Jímọ̀. Ó ní ọkùnrin náà yóò gbé kápẹ́ẹ̀tì tí bàbá wa rà ní Mẹ́kà lọ, yóò sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ó ní tuntun náà ń dán, ó sì gún régé, pé ti bàbá wa wọ́, ẹ̀gbẹ́ kan fẹ̀ ju èkejì lọ, pupa rẹ̀ sì yí padà láàárín. Ó ní ẹni tó bá hun irú rẹ̀ nílé wa, yẹ̀yẹ́ la óò fi ṣe. Ó ní ẹ̀yin náà ti gbà.

Ọ̀gbẹ́ni amòye! Etí aṣọ kíjìpá tí à ń hun nílé wa gbọ́dọ̀ gún nítorí pé a óò rán an mọ́ òmíràn. Ta ni yóò rán kápẹ́ẹ̀tì mọ́ kápẹ́ẹ̀tì?

Ìyá òyìnbó yìí ní irú ti bàbá wa. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e síta láti gbọn eruku rẹ̀, èmi náà fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn obìnrin darandaran ilẹ̀ Pásíà ló fi ọwọ́ so ó, lórí òfì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣí kúrò níbì kan, wọn á ká òfì náà, wọn á lọ kàn án mọ́lẹ̀ níbòmíràn. Báwo ni kò ṣe ní wọ́? Ó ní aró àkọ́kọ́ ló tán tí wọ́n fi se òmíràn. Mo ní ṣé ó fẹ́ kọ́ èmi ọmọ yín ní aró ni? Ta ni kò mọ̀ pé ìkòkò méjì kì í rẹ aṣọ bákan náà? Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Mo rí kókó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kéré bíi kóró ata, òdòdó ẹ̀yìn sì hàn bíi ti iwájú. Wajawaja etí rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a rán mọ́ ọn. Òwú tí wọ́n kọ́kọ́ ta sórí òfì gan-an ni.

Ni mo bá lọ sí Ọjà Igbó, mo yí ẹ̀yìn èyí tí wọ́n ń pè ní Pásíà gidi wò. Gọ́ọ̀mù àti aṣọ àpò ló wà lẹ́yìn rẹ̀! Ẹ̀rọ ló rán wajawaja mọ́ ọn. Ẹni tó ń tà á bi mí pé ṣé màmá fẹ́ rajà ni àbí màmá ń wá iná orí. Mo ní iná orí gan-an yóò tijú láti gbé ibẹ̀.

Ìdọ̀tí yẹn ni Rájí fẹ́ gbà dípò ohun tí bàbá wa fi iwájú orí kàn títí ó fi kú. Ta ló ń fi tuntun gba àlòkù láìbéèrè kọ́bọ̀, bí kò ṣe ẹni tó mọ ohun tó ń gbà? Olè náà gbọ́n. Rájí ló ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìyá mi, bí ẹ bá kírun àsùbáà ní Jímọ̀, ẹ má dìde lórí kápẹ́ẹ̀tì náà. Kí wọ́n gbé oúnjẹ yín wá síbẹ̀. Kí oníkápẹ́ẹ̀tì dé, kí Rájí dúró tì í, kí a wo ọkùnrin tó máa gbé ìyá rẹ̀ kúrò lórí ẹní ọkọ rẹ̀.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí, ojú yín kò ní í ríbi. Ẹ bá mi kí tilé toko.

Èmi ni ọmọ yín,
Sàlámọ́tù