Ọwọ́ Màámi Lára Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ìlú Ọjọ́,
9 June, 1956

Bùọ̀dá Sàlàkọ́, ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ní Kàdúná. Ara wa le níbí. Ìjì ṣí òrùlé ilé ìdáná, mo ti kàn án padà. Ẹsẹ̀ Màámi kò wú mọ́, ojú wọn nìkan ló ń ṣe bàìbàì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn ra oògùn ojú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yín tí ẹ fi rélùwéè ránṣẹ́. Mo fi sáńpépà ha á, mo fín ọ̀dà sí i fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń dán bíi dígí. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ kan, nítorí lásìkò òjò, ojú ọ̀dà a máa gbẹ kí inú rẹ̀ tó gbẹ. Lọ́jọ́ kejì ni Màámi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, tí wọ́n ń wúre pé ọkọ̀ náà kò ní mu ẹ̀jẹ̀ yín. Ìka márààrún ló hàn níbẹ̀. Wọn ò rí i, n kò sì sọ fún wọn.

Iṣẹ́ mi ò bàjẹ́ báyìí rí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ kí ó dán, ẹ wá ha á fúnra yín. Èmi ò ní fi sáńpépà pa àdúrà ìyá mi rẹ́.

Kí Ọlọ́run ṣe àmín sí i.

Àbúrò yín,
Owólabí