Ìkẹ́dùn lórí Fernand Thibeault, Ẹni tó Gbé Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Wọ Ilé Ìdáná Aya Rẹ̀

Ẹgbẹ́ Àwọn Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì Ilé-Iṣẹ́ Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Sawtelle,
Carrow Mills, New Hampshire.
Oṣù Kọkànlá, 1997.

Sí Màmá Jeannine Thibeault, sí Colette ọmọ yín, àti sí gbogbo ẹbí.

Ọkàn wa wúwo, ojú wa sì pọ́n, bí a ti jókòó láti kọ ìwé yìí sí yín lórí ikú ọkọ yín, Olóògbé Fernand Thibeault, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ wa títí di ọjọ́ tí ọlọ́jọ́ dé. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ní kí a fi ohùn jẹ́jẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. A ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohùn jẹ́jẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí a kọ́.

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì jì wá. Nígbà tí Fadá ní kí gbogbo ìjọ dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún àdúrà, Léo Bergevin, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé pósí, rọra bi akọ̀wé wa, Ovila Nadeau, létí pé: "Ovila, àbí Fernand ti sanra sí i ni?" Ovila náà rọra fèsì pé: "Páì ẹlẹ́dẹ̀ Jeannine mà ni! Ẹ̀yìn mi ti fẹ́ já!" Àwọn méjèèjì ṣì ń búra títí di òní pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ làwọn sọ ọ́. Àwọn tó wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ní gbogbo rẹ̀ làwọn gbọ́. A rí i pé èjìká yín ń mì, a kò sì mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, àwa sì rò pé ẹ̀rín ni.

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn wa lè bínú sí wa. Ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ tó wà létí odò ni gbogbo wa ti dàgbà, àti bàbá àti ìyá wa ṣáájú wa. Ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ níbẹ̀ pọ̀ débi pé ètè ẹnìkejì la fi ń mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tí àwọn onílé-iṣẹ́ kó òwò wọn lọ sí ìhà gúúsù, ebi fẹ́ pa ìlú. Ìgbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Sawtelle dé láti Boston, ó gba ilé òfìfo náà, ó sì sọ fún wa pé kọ̀ǹpútà ń bọ̀ níbi gbogbo, ṣùgbọ́n kò lọ́wọ́ tó lè fi kọ̀wé, àwa la ó sì ṣe ọwọ́ fún un, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí bébà. Ó fi Fernand ṣe olórí àwọn alábẹ̀wò. Ẹ̀rọ tí Fernand kò bá fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Ẹ rántí pé ohun kan ṣoṣo la fi ń polówó ara wa nígbà náà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àwọn yòókù máa ń pariwo tó fi jẹ́ pé yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni wọ́n ń kọ́ fún un. Tiwa, a ní èèyàn lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ akọ̀wé kó má sì dí i lọ́wọ́. Fernand á dúró ti ẹ̀rọ náà, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá etí rẹ̀ mú, á ní: "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ? Àfi bí ológbò tó ń rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì!" Gbogbo wa á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gbẹ́ni Sawtelle náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ìbọn ogun ti gba etí kan lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó kù, ìgbà tó bá wù ú ló ń ṣiṣẹ́. A kò purọ́ o. Ohun tí a gbọ́ la sọ.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní Hartford gbà wá gbọ́, wọ́n ra ẹ̀rọ tó kún ọkọ̀ ńlá kan. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn wọ́n, àwọn akọ̀wé wọn ya sí ìgboro. Ìyá kan bọ́ sábẹ́ tábìlì pẹ̀lú kọfí rẹ̀, wọ́n sì pẹ̀ ẹ́ títí kó tó jáde. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pé bí a kò bá tún un ṣe kí ìgbà òtútù tó parí, ká wá kó ẹrù wa. Kò sí oníbàárà mìíràn lẹ́yìn wọn. Omi fẹ́ tán lẹ́yìn ẹja. Fernand bínú gidigidi, ó ní: "Etí àwọn ará Hartford ló ń ṣàìsàn! Kí wọ́n lọ rí dókítà!"

Ẹ̀yin lẹ gbà wá, Màmá. Ọmọ oníṣẹ́ aago ni yín, etí tó ń gbọ́ aago ọwọ́ nínú àpò lẹ fi wọlé wa. Oúnjẹ ọ̀sán lẹ gbé wá fún ọkọ yín. Bí ẹ ti ṣílẹ̀kùn báyìí ni àwo páì bọ́ lọ́wọ́ yín.

"Fernand! Ta lẹ ń lù pa níbẹ̀?"

"Kí ló dé? Ẹ̀rọ lásán ni. Kò tiẹ̀ tíì yára."

"Kò tíì kí ni? Bàbá Colette, etí ẹ ti kú! Etí gbogbo yín ló ti kú pátá!"

Gbogbo wa la wo ètè yín, ọ̀rọ̀ náà sì yé wa yékéyéké. Fernand jókòó sórí àpótí, kò fọwọ́ kan páì, ẹ̀yin náà mọ̀ pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó ní: "Mo ti fọwọ́ mi sí irọ́, mi ò sì mọ̀." Ojú tì í, àánú rẹ̀ sì ṣe wá. Ẹlòmíràn ì bá bo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè pa iṣẹ́ mọ́. Fernand ṣí fìlà, ó wọlé tọ Ọ̀gbẹ́ni Sawtelle lọ, ó ní: "Ọ̀gá, mi ò gbọ́ràn mọ́. Ẹ̀yin náà ò gbọ́ràn. Ẹ jẹ́ ká lọ wá ẹni tó gbọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Sawtelle ní: "Kí lo wí?"

Bí ẹ̀rọ ṣe dé orí tábìlì ilé ìdáná yín nìyẹn. Nígbà tí ẹ béèrè ibi tí ẹ ó ti máa jẹun, Fernand ní ọ̀rọ̀ ìgbà díẹ̀ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá ń bá rédíò ka Rósárì, á tan ẹ̀rọ náà. Bí ariwo bá bo "Mo kí ọ, Màríà" kan mọ́lẹ̀, ẹ ó na ọwọ́ tó mú ìlẹ̀kẹ̀ sókè láìdá àdúrà dúró, Fernand á sì tún gé lára aṣọ onírun àgùntàn tó ki, èyí tí àwọn ahunṣọ fi sílẹ̀ ní àjà ilẹ̀, á kì í bọ inú ìdérí. Gbogbo ìgbà òtútù yẹn, ìdúró lẹ fi ń jẹun. Ó wá di ìrọ̀lẹ́ kan, ẹ ka Rósárì dé Àmín, ọwọ́ yín kò sì sókè. Fernand rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ó ṣí ìdérí, ó rí bébà tó ń yọ bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ló bá bú sẹ́kún. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kì í bọ gbogbo ẹ̀rọ ti Hartford, wọn kò sì dá ẹyọ kan padà, àwọn ìlú mìíràn sì wá rà. Iṣẹ́ yẹn la fi tọ́ àwọn ọmọ wa.

Lónìí, àwọn ẹ̀rọ kékeré olówó pọ́ọ́kú láti ilẹ̀ Japan ti gba ọjà, ilé-iṣẹ́ Sawtelle ti kógbá sílé, wọ́n sì ti sọ ilé náà di ilé gbígbé. A gbọ́ pé àwọn ayálégbé ibẹ̀ ń bínú pé aládùúgbò àwọn ń pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti ilé ìdáná yín kò kúrò. Ohun tí Fernand fẹ́ rà lọ́jà, ó fi í tẹ̀ ẹ́. Ìpàdé ẹgbẹ́, ó fi í pè é. Lọ́dọọdún, níbi àsè ẹ̀wà ẹgbẹ́, lẹ máa ń sọ pé: "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ wá gbé pálapàla yìí kúrò lórí tábìlì mi!" A máa ń ṣèlérí. A kò wá rí, nítorí ojú alága.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹgbẹ́ pàdé, a sì pinnu pé ìrànlọ́wọ́ tó kọ́kọ́ yẹ yín ni pé kí a wá gbé e lọ. Léo ni a rán sí yín. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun ní kí ẹ tún un sọ, nítorí òun kò gba ohun tí ètè yín sọ gbọ́: "Léo, ilé ti dákẹ́ jù. Ẹ má gbé e lọ. Ẹ bá mi yọ gbogbo aṣọ tí Fernand kì sínú ẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Màmá, a ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Gbogbo rẹ̀ la ó yọ, kò ní ku òwú kan. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá ṣẹ́ kù nínú wa, ẹ̀rọ yẹn kò ní ṣàìní bébà àti yíǹkì. Bí àwọn aládùúgbò bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, kí ẹ ní kí wọ́n wá bá ẹgbẹ́ wa. A kò ní gbọ́.

Kí Ọlọ́run, tó ń gbọ́ ohun tí a fi ẹnu sọ àti èyí tí a fi ètè lásán sọ, tu ẹ̀yin àti Colette nínú, kí ó má jẹ́ kí ilé yín dá páropáro. Kí ó fún Fernand ní ìsinmi, kí ó sì la etí rẹ̀ fún un, kí ó bá yín gbọ́ ọ láti ibi tó wà bí ẹ bá tàn án nírọ̀lẹ́ Sátidé.

Ovila Nadeau,
Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.