Ewì Afọ́jú Ará Gíríìsì

Ìyá Ìtùnú mi,

Ara mi le koko. Bàbá arúgbó tí mò ń tọ́jú ní Carrollton níbí ní Amẹ́ríkà ka ewì Gíríìsì àtijọ́ kan fún mi lánàá, nípa ọkùnrin tó lo ogún ọdún lẹ́yìn odi kó tó padà bá ìyàwó rẹ̀. Ó ní afọ́jú kan ló kéwì náà, àmọ́ kò dájú pé onítọ̀hún gbáyé rí. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú mi. Ta ló wá mọ bí obìnrin yẹn ṣe sunkún?

Bàbá bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́, ọdún mélòó lo ti lò lẹ́yìn odi?"

Mo ní, "Mọ́kànlá."

Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ po tíì fún un, àṣé iyọ̀ ni mo bù sí i. Lọ́yà ṣì ní pépà ìgbélùú mi máa jáde láìpẹ́, kí n lè wálé wá rí yín.

Bá mi kí Ìtùnú. Ṣé ó ti ga jù ọ́ lọ?

Adétáyọ̀ rẹ