Adájọ́ Àlùbọ́sà Dídín

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú àárò ọmọ yín. Ẹ ní ojú mi pọ́n nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́. Àlùbọ́sà ni o, ẹ má dààmú.

Mo ti di adájọ́ níbi iṣẹ́! Àlùbọ́sà tí wọ́n gé roboto bí òrùka, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò, la ń dín tà. Nínú agbọ̀n kọ̀ọ̀kan tí a bá dín, èmi ni mo ń mú ẹyọ kan tọ́ wò. Èyí tó dára máa ń dún lẹ́nu. Àmọ́ tí ẹ bá gé e jẹ, tí gbogbo àlùbọ́sà bá fà yọ, tó ku èèpo ìyẹ̀fun lọ́wọ́ yín, ẹ̀tàn ni: ó dúró dáadáa, inú rẹ̀ ṣófo.

Agbọ̀n tí mo bá dá lẹ́bi, a kì í tà á; èmi ni mo ń gbé e lọ sílé. Ẹ ò rí i pé mò ń jẹun? Ọ̀gá kàn ń ṣàwàdà pé ìdájọ́ mi máa ń le jù lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́.

Iṣẹ́ náà ò nira rárá. Àlùbọ́sà ọ̀hún ti dì bíi yìnyín kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kì í tiẹ̀ ta ẹnikẹ́ni lójú.

Ní ti ìgbà tí mò ń bọ̀ tí ẹ bèèrè, òtútù ibí ti ń dín kù.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ kí àbúrò mi, kó má fi omi pípọn sílẹ̀ fún yín. Ẹ sì bá mi kí ìkòkò ọbẹ̀ yín. Tí ẹ bá ṣí i, ẹ bá mi gbóòórùn rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó dé e padà.

Èmi ni,
Àkọ́bí yín.